Báwo ni ìròyìn ṣe ń kọjá níbi tí sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára méjì kò ti fara kanra?

Olùkọ́ Òkè-Baálẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Olùkọ́ bàyọ́lọ́jì ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan níbí ní Òṣogbo, àwọn ọmọ SS2 ni mò ń kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá a dé orí ẹ̀kọ́ nípa ọpọlọ àti okùn ìmọ̀lára, mo sì ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ máa ń ṣe: mo nàka sí wáyà iná tó gba ẹ̀yìn fèrèsé kíláàsì wa kọjá, mo ní bí iná ṣe ń gba inú wáyà yẹn wọ ilé ni ìròyìn ṣe ń gba inú okùn ìmọ̀lára láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé ọpọlọ. Ó yé wọn dáadáa, àfi ìgbà tí mo ya sẹ́ẹ̀lì méjì sójú pátákó, tí mo fi àlàfo díẹ̀ sáàárín ìparí ọ̀kan àti ìbẹ̀rẹ̀ èkejì gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe yà á. Ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ní kíláàsì nawọ́ sókè, ó ní, “Mà, wáyà tó bá já kì í gbé iná. Nígbà tí ìjì já wáyà àdúgbò wa, ọ̀sẹ̀ méjì la fi wà nínú òkùnkùn. Bí sẹ́ẹ̀lì méjèèjì kò bá fara kanra, báwo ni iná náà ṣe ń débẹ̀?”

Mo dá a lóhùn pé kẹ́míkà ló ń gbé e kọjá, bí ìwé ṣe wí. Kò jókòó. Ó ní, “Ta ló wá sọ fún kẹ́míkà náà pé iná ti dé?” Mo ní kí ó fún mi láyè kí n lọ wádìí.

Kì í ṣe pé n kò rí orúkọ àwọn nǹkan wọ̀nyí nínú ìwé. Ohun tí mò ń wá ni àlàyé tí mo lè fi Yorùbá ṣe fún ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún láìto orúkọ òyìnbó lé ara wọn lórí, tí kò sì ní jẹ́ pé mo parọ́ fún un nítorí kí ọ̀rọ̀ lè rọrùn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó bá mi dá sí i.

Apòògùn Ayétòrò

Olùkọ́, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ẹ bá mi kí ọmọbìnrin náà, nítorí ohun tó bi yín yẹn ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi ohun tó ju ọgbọ̀n ọdún lọ jiyàn lé lórí. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé iná náà kì í fo àlàfo yẹn rárá. Etí bèbè ló ń kú sí. Ohun mìíràn tí kì í ṣe iná ló ń bọ́ sínú àlàfo náà, tó ń dé òdìkejì, tó sì ń mú kí sẹ́ẹ̀lì kejì dá iná tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba wáyà yẹn lọ́wọ́ yín, torí òun gan-an ló kó yín sí wàhálà. Iná inú wáyà máa ń rọ̀ bó bá ṣe ń jìnnà sí ibi tó ti ń bọ̀. Ẹni tó ń gbé ìparí ìlà mọ èyí dáadáa. Ti okùn ìmọ̀lára kò rí bẹ́ẹ̀. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló pààlà sáàárín inú sẹ́ẹ̀lì àti òde rẹ̀, nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá sì ń sinmi, inú rẹ̀ máa ń fi nǹkan bí 70 mílífóòtì rẹlẹ̀ sí òde, tí sódíọ́mù, èròjà kan tó wà nínú iyọ̀, á sì pọ̀ lóde bí èrò tó ń dúró de ilẹ̀kùn. Àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké wà lára awọ náà, tó jẹ́ pé ìyípadà iná ló ń ṣí wọn. Bí àkọ́kọ́ bá ṣí, sódíọ́mù á ya wọlé, wíwọlé rẹ̀ á ṣí ilẹ̀kùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn náà á ṣí ti ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ẹ rántí bí igbe “Olè! Olè!” ṣe ń ti ojúlé dé ojúlé lóru: ẹni tó kọ́kọ́ figbe ta kò sáré dé ìparí àdúgbò, síbẹ̀ igbe náà dé ibẹ̀, bó sì ṣe ròkè lẹ́nu onílé àkọ́kọ́ náà ló ròkè lẹ́nu onílé ìkẹyìn. Àwọn onímọ̀ méjì, Hodgkin àti Huxley, ló kọ ìṣirò ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 1952, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi okùn ìmọ̀lára ẹran òkun kan tí wọ́n ń pè ní squid ṣe ìwádìí, torí ti ẹran náà nípọn débi pé a lè fi ojú lásán rí i.

Ó wá ku etí bèbè. Ibi tí sẹ́ẹ̀lì kan ti kọjú sí èkejì yìí ni wọ́n ń pè ní sínápùsì. Ní ìparí okùn ìmọ̀lára, àwọn àpò róbótó róbótó ti wà ní ìmúrasílẹ̀, fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí 40 sí 50 nánómítà lọ (nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mílímítà), kẹ́míkà tí ọmọ náà ń béèrè sì ti kún inú wọn. Díẹ̀ nínú àwọn àpò náà ti lọ fara ti awọ sẹ́ẹ̀lì bí ọkọ̀ tó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà gáréèjì, tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, tó jẹ́ pé àṣẹ ìjáde nìkan ló kù.

Ẹni tó ń pàṣẹ ni kálísíọ́mù, èròjà mìíràn bíi sódíọ́mù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró níbí pẹ̀lú àwọn ọmọ, torí ibí ni ìdáhùn sí ìbéèrè kejì wà. Oríṣi ilẹ̀kùn mìíràn wà ní ìparí okùn yẹn, kálísíọ́mù nìkan ni wọ́n ń gbà wọlé, iná tó bá sì dé ló ń ṣí wọn. Kálísíọ́mù òde fi ìlọ́po tó ju 10,000 lọ pọ̀ ju tinú lọ, nítorí náà kíún tí ilẹ̀kùn bá ṣí báyìí, ó ti rọ́ wọlé. Bó ṣe wọlé ni purotéènì kan tó wà lára àpò náà gbá a mú. Àwọn purotéènì mìíràn tó ti lọ́ mọ́ra wọn bí okùn, ìdajì wọn lára àpò, ìdajì lára awọ sẹ́ẹ̀lì, á wá fa àpò náà pinpin títí awọ méjèèjì yóò fi di ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ìfófò ọṣẹ méjì ṣe ń di ẹyọ kan nígbà tí wọ́n bá pàdé. Ẹnu àpò á ṣí sóde, ohun inú rẹ̀ á dà sínú àlàfo. Rothman, Schekman àti Südhof gba ẹ̀bùn Nobel ní 2013 fún bí wọ́n ṣe tú àṣírí irú ìkẹ́rù yìí.

Àlàfo náà fúnra rẹ̀ kò fẹ̀. Nǹkan bí 20 nánómítà ni láàárín sẹ́ẹ̀lì inú ọpọlọ. Bí ẹ bá la fífẹ̀ ẹyọ irun orí kan sí 4,000, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni. Kò sí ohun tó ń ti kẹ́míkà náà. Ṣe ló ń tàn ká fúnra rẹ̀, ibi tó ní láti dé sì súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé láti ìgbà tí iná dé etí bèbè títí dé ìgbà tí òdìkejì fèsì, gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdajì nínú ìdá kan ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lọ.

Ní òdìkejì, àwọn purotéènì tí n ó máa pè ní olùgbà ló ń dúró. Kẹ́míkà á wọ inú olùgbà rẹ̀ bí kọ́kọ́rọ́, ilẹ̀kùn á ṣí, iná tuntun á bẹ̀rẹ̀. Tàbí kò ní bẹ̀rẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ tẹnu mọ́ jù: kẹ́míkà kì í ru ọ̀rọ̀ kankan, olùgbà ló ń sọ ohun tó túmọ̀ sí. Kẹ́míkà kan wà tó ń jẹ́ acetylcholine. Èyí tó ń bọ́ sórí iṣan apá yín nígbà tí ẹ bá gbé garawa omi ń mú kí iṣan náà sún kì. Acetylcholine kan náà, bó bá bọ́ sórí ọkàn, ń mú kí ọkàn rọra lù. Ìyàtọ̀ kò sí lára ẹrù, ara ẹni tó gbà á ló wà. Nínú ọpọlọ, kẹ́míkà tó ń jẹ́ glutamate sábà máa ń ru sẹ́ẹ̀lì kejì sókè, èyí tó ń jẹ́ GABA sì máa ń tẹ̀ ẹ́ lórí ba. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo sì lè máa gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ẹrù bẹ́ẹ̀ láti ọ̀nà púpọ̀, á kó wọn jọ, kí ó tó pinnu bóyá òun náà yóò figbe ta.

Akẹ́kọ̀ọ́ Físíìsì

Ẹ̀gbọ́n Apòògùn, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n mo fẹ́ ta kò yín níbì kan. Ẹ ní iná kì í fo àlàfo náà “rárá”. Mo ti kà á pé sínápùsì kan wà tó jẹ́ pé iná gan-an ló ń gba ibẹ̀ kọjá, láìsí kẹ́míkà.

Apòògùn Ayétòrò

Òótọ́ lẹ sọ, “rárá” mi ti pọ̀ jù. Àwọn onímọ̀ méjì, Furshpan àti Potter, fi í hàn ní 1959 lára edé omi tútù. Níbi tí irú rẹ̀ bá wà, sẹ́ẹ̀lì méjèèjì súnmọ́ra gan-an, nǹkan bí 3 sí 4 nánómítà, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sì so inú ọ̀kan mọ́ inú èkejì. Àwa náà ní in nínú ọpọlọ, irú ihò bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń jẹ́ kí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọkàn jọ lù pọ̀. Ó yá ju ti kẹ́míkà lọ. Ohun tí kò lè ṣe ni pé kó sọ “bẹ́ẹ̀ ni” di “bẹ́ẹ̀ kọ́”, tàbí kó sọ igbe kékeré di ńlá. Bí iná bá ṣe wá ló ń ṣe kọjá, yóò sì ti dín kù díẹ̀. Kẹ́míkà ló pọ̀ jù lọ nínú ọpọlọ wa.

Bàbá Reluwé

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Iṣẹ́ reluwé ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ibùdókọ̀ Òṣogbo níbí ni mo sì ti parí rẹ̀. Olùkọ́, bí ẹ bá ti jọ̀wọ́ wáyà iná, ẹ gba ojú irin. Láyé ìgbà tiwa, awakọ̀ tó bá fẹ́ kúrò ní Òṣogbo kọrí sí Ìkìrun kò gbọdọ̀ gbéra bí a kò bá tíì fi àmì ojú irin lé e lọ́wọ́, nítorí ẹyọ kan ṣoṣo ni ojú irin náà, bí ọkọ̀ méjì bá sì pàdé lórí rẹ̀, òkú ló máa sùn. Wáyà á ti gbé ìròyìn dé láti ibùdó kejì pé ọ̀nà ṣófo, ṣùgbọ́n ìròyìn inú wáyà kò lè wa ọkọ̀. Ẹnìkan ní láti di ìròyìn náà sí ohun tó ṣeé dì mú, kó gbé e lé awakọ̀ lọ́wọ́, kí awakọ̀ tó tẹ ẹ̀rọ tirẹ̀. Mo rò pé ohun tí Apòògùn ń sọ nìyẹn.

Ìtàn ọ̀rọ̀ náà dùn, ẹ jẹ́ kí n bá àwọn ọmọ sọ ọ́. Ní 1906, wọ́n pín ẹ̀bùn Nobel fún Golgi ará Ítálì àti Cajal ará Sípéènì pa pọ̀, àwọn méjèèjì kò sì fẹnu kò rárá: Golgi ní gbogbo ọpọlọ so kọ́ra bí àwọ̀n, Cajal ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, wọ́n kàn kọjú síra ni. Sherrington ará Gẹ̀ẹ́sì ti fún ibi ìkọjúsíra náà lórúkọ ní 1897, bẹ́ẹ̀ kẹ̀ kò tíì sí ẹni tó fojú rí àlàfo rẹ̀. Àfi ní àárín ọdún 1950 sí 1959 tí wọ́n fi ẹ̀rọ amúǹkantóbi tó ń lo ẹlẹ́kitirọ́ọ̀nù wò ó.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Otto Loewi ní Austria. Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn pé òun lá àlá lóru kan, òun jí, òun kọ ọ́ sórí bébà, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, òun kò lè ka ohun tí òun kọ. Ní òru kejì àlá náà tún padà. Lọ́tẹ̀ yìí kò gbẹ́kẹ̀ lé bébà mọ́. Ó dìde ní nǹkan bí agogo mẹ́ta òru, ó gba yàrá ìwádìí rẹ̀ lọ. Ó mú ọkàn àkèré méjì tó ṣì ń lù nínú omi iyọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ṣì ní okùn ìmọ̀lára tó máa ń dẹ ọkàn lọ́wọ́. Ó fi iná ta okùn náà, ọkàn náà sì ń rọra lù. Ó wá fa omi tó yí i ká, ó dà á sórí ọkàn kejì, tí kò sí okùn lára rẹ̀, tí iná kò sì kàn. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọra lù. Omi lásán ló gbé àṣẹ náà lọ. Ó gbé ìwádìí náà jáde ní 1921, òun àti Henry Dale, tó ti ń ṣiṣẹ́ lórí acetylcholine láti 1914, sì jọ gba Nobel ní 1936.

Olùkọ́ Òkè-Baálẹ̀

Bàbá, ẹ kú ìtọ́sọ́nà, Olódùmarè á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Apòògùn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo ti lo ohun tí ẹ sọ, ó sì ti bí ìbéèrè mìíràn.

Ìlú aró ni Òṣogbo, aró dẹ̀dẹ̀ bí òkun, nítorí náà n kò wá ohun tí n ó fi hàn wọ́n lọ títí. Mo bu ife aró kan lọ́dọ̀ aládìrẹ tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Mo da omi tó mọ́ sínú ìdérí ìgò kan, mo da omi sínú ọpọ́n ńlá kan pẹ̀lú, mo jẹ́ kí omi méjèèjì dúró jẹ́ẹ́, mo wá kán ẹ̀kán aró kan sí etí kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kò pẹ́ tí ìdérí ìgò fi di aró jálẹ̀jálẹ̀. Ní ti ọpọ́n, aró náà na ìrù bí èéfín, ó ń ra kòrò lọ, nígbà tí agogo sì lù, etí kejì ṣì mọ́ gaara. Mo ṣàlàyé fún wọn pé bí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, àkókò tí ohun tó ń tàn ká fúnra rẹ̀ máa gbà yóò di ìlọ́po mẹ́rin, ìdí nìyí tí ara kò fi lè fi kẹ́míkà lásán ránṣẹ́ láti ẹsẹ̀ dé orí, tó jẹ́ pé ní àlàfo tóótóó yẹn nìkan ló ti ń lò ó.

Mo rò pé mo ti borí. Ọmọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ní, “Mà, ìdérí yìí ti di aró báyìí. Bí ẹ bá tún kán òmíràn sí i, báwo la ṣe máa mọ̀ pé ìròyìn kejì ti dé?”

Nọ́ọ̀sì Iṣẹ́ Alẹ́

Olùkọ́, ìbéèrè ọmọkùnrin yẹn ló mú mi wọlé, nítorí mo ti rí ènìyàn tí ìdérí ìgò rẹ̀ kò mọ́ mọ́.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní ilé ìwòsàn kan tí mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́, wọ́n gbé bàbá kan dé tó ti fọ́n òtapiápiá sí àpò ẹ̀wà nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì. Òógùn ti mú aṣọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀ láìdáwọ́ dúró, omijé ń bọ́, ó ti tọ̀ sára, àyà rẹ̀ sì ń hó bí ìkòkò ẹ̀kọ. Iṣan apá rẹ̀ ń jó wìrìwìrì lábẹ́ awọ bí ẹni pé kòkòrò ń rìn níbẹ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú: ọmọlójú rẹ̀ ti sún kì, kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Dókítà wo ojú yẹn lẹ́ẹ̀kan, kò béèrè ohun tó mu.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bàbá náà ni ìdáhùn. Nínú àlàfo tí acetylcholine ń lò, agbálẹ̀ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ acetylcholinesterase. Ẹ́ńsáìmù ni. Bí kẹ́míkà bá ṣe ń fi olùgbà sílẹ̀ ni agbálẹ̀ yìí ń gé e sí méjì, ẹyọ ẹ́ńsáìmù kan ṣoṣo sì ń gé ju 5,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Sẹ́ẹ̀lì tó tú u jáde á wá gbé ìdajì rẹ̀ tó ń jẹ́ choline padà sínú ara rẹ̀ láti fi ṣe tuntun. Ìdí nìyí tí omi ìdérí tiwa fi máa ń mọ́ kí ẹ̀kán kejì tó bọ́. Ní ti àwọn kẹ́míkà mìíràn bíi dopamine àti serotonin, a kì í gé wọn nínú àlàfo; sẹ́ẹ̀lì tó tú wọn jáde ló ń fà wọ́n mu padà, púpọ̀ nínú oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí dókítà ń kọ fún ènìyàn sì jẹ́ èyí tó ń dí ẹnu ìfàmu serotonin yẹn kí ó lè pẹ́ díẹ̀ sí i níta.

Dichlorvos tó wà nínú òtapiápiá máa ń so mọ́ agbálẹ̀ náà, kò sì ní tú u sílẹ̀. Kòkòrò ló torí rẹ̀ kú, ṣùgbọ́n agbálẹ̀ kòkòrò àti tiwa kò jìnnà síra. Gbogbo àṣẹ tó bá ti jáde á máa dún lọ: ẹṣẹ́ itọ́, ibi tí itọ́ ti ń sun, á máa gbọ́ “da itọ́”, ẹ̀dọ̀fóró á máa gbọ́ “fún pọ̀”, iṣan á máa gbọ́ “sún kì” títí yóò fi rẹ̀ ẹ́ tí kò ní lè fèsì mọ́. Iṣan tí a fi ń mí wà lára wọn. A fún bàbá náà ní atropine, a tẹ́tí sí àyà rẹ̀, a tún fún un, bẹ́ẹ̀ ni títí àyà náà fi gbẹ. Atropine kò tún agbálẹ̀ kankan ṣe o. Ojú olùgbà ló lọ jókòó lé kí acetylcholine má baà ráyè wọ ibẹ̀. Olùgbà ti orí iṣan apá yàtọ̀ sí ti ẹṣẹ́ itọ́, nítorí náà itọ́ dá, àyà gbẹ, ṣùgbọ́n apá ṣì ń jó. Oògùn kejì, pralidoxime, ló lè ṣí dichlorvos kúrò lára agbálẹ̀, bí ó bá tètè dé. Kò sí i ní ilé ìwòsàn náà lóru ọjọ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n bàbá náà gun ọ̀kadà káàkiri Òṣogbo kó tó rí i rà. Bàbá náà yè é, ó sì lo ọjọ́ mọ́kànlá lọ́dọ̀ wa.

Ẹ bá mi sọ fún àwọn ọmọ pé ẹ̀wà tí wọ́n bá fi òtapiápiá tọ́jú kì í ṣe oúnjẹ. Kí wọ́n sì mọ̀ pé ọwọ́ kan náà ni májèlé yìí fi jọ ti ẹ̀wà Calabar, èyí tí àwọn Ẹ́fíìkì ń pè ní esere, tí wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n bá fura sí jẹ láyé àtijọ́ láti fi dá ẹjọ́ rẹ̀. Wọ́n yọ kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ physostigmine jáde lára rẹ̀ ní 1864. Òun náà ń dá agbálẹ̀ dúró, àmọ́ yóò tú u sílẹ̀ tó bá yá. Loewi tí Bàbá Reluwé sọ̀rọ̀ rẹ̀ ló fi hàn ní 1926 pé ohun tó ń ṣe nìyẹn. Ní 1934, dókítà obìnrin kan ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, Mary Walker, fi í tọ́jú aláìsàn tí ìpéǹpéjú rẹ̀ kò lè dúró sókè mọ́ nítorí pé ara rẹ̀ ń ba àwọn olùgbà orí iṣan jẹ́. Nígbà tí agbálẹ̀ dẹwọ́, kẹ́míkà pẹ́ níta, ìwọ̀nba olùgbà tó kù sì ráyè gbọ́rọ̀. Ojú aláìsàn náà là.

Ọmọ Lẹ́kùlẹ́jà

Mo kí gbogbo yín. Ọjà Ọba ni màmá mi ti ń ta ewé àti egbò, ibẹ̀ la bí mi sí. Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì, asofẹ́yẹjẹ ló wá sí mi lọ́kàn. Àwọn àgbà ń fi egbò rẹ̀ tọ́jú ẹni tí orí rẹ̀ bá dàrú, mo sì ti rí i lójú ara mi pé ẹni tí mẹ́rin kò tó dì mú yóò sùn bí ọmọ ọwọ́. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé àgbo mìíràn, tí wọ́n bá dáwọ́ mímu rẹ̀ dúró lónìí, agbára rẹ̀ ti lọ lọ́la. Ti asofẹ́yẹjẹ kì í tètè lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹni náà ṣì lè máa rìn bí ẹni tó ń tòògbé. Ṣé olùgbà ló ń dí ni, àbí agbálẹ̀? Ṣé òun àti obì tí àwọn awakọ̀ ń jẹ lóru jọ ń ṣiṣẹ́ ni, tó kàn jẹ́ pé ọ̀kan ń mú ni sùn, èkejì ń lé oorun?

Apòògùn Ayétòrò

Ẹ kú ọjà o. Ẹ jẹ́ kí n mú obì kúrò nílẹ̀ ná, torí tirẹ̀ kò gùn. Káfíìnì inú obì máa ń wọ inú olùgbà kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ adenosine, èyí tó ń pọ̀ sí i nínú ọpọlọ bí a bá ṣe ń pẹ́ lójúfò, tó sì ń sọ fún ọpọlọ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Káfíìnì bá kọ́kọ́rọ́ náà jọ débi pé ó wọlé, ṣùgbọ́n kò yí. Ó kàn dí ojú ihò ni. Àárẹ̀ wà ńbẹ̀ o, awakọ̀ náà ni kò gbọ́ ọ.

Ti asofẹ́yẹjẹ jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ, kì í ṣe olùgbà, kì í sì í ṣe agbálẹ̀. Ẹ rántí àwọn àpò róbótó tí mo sọ. Kẹ́míkà kì í dédé wà nínú wọn. Ẹ̀rọ kan wà lára àpò tó ń kó o wọlé. Reserpine tó wà nínú egbò asofẹ́yẹjẹ ló ń so mọ́ ẹ̀rọ ìkówọlé ti dopamine, serotonin àti noradrenaline. Àpò wà, iná dé, kálísíọ́mù pàṣẹ, ẹnu àpò ṣí, kò sí ohun tó jáde. Wọ́n yọ reserpine sọ́tọ̀ ní 1952 lára ẹbí asofẹ́yẹjẹ tó wà ní Íńdíà, àwọn dókítà sì lò ó fún ìfúnpá gíga (ẹ̀jẹ̀ ríru) àti fún àrùn ọpọlọ. Ní 1957 Arvid Carlsson ará Sweden fún ehoro ní reserpine, ehoro náà nà sílẹ̀, kò lè mira. Ó fún un ní L-DOPA, èyí tí ara máa ń sọ di dopamine, ehoro sì dìde, ó ń fò kiri. Oògùn kan náà ni wọ́n ń fún àwọn tó ní àrùn Parkinson, èyí tó ń mú ara gbọ̀n tó sì ń mú kí ó ṣòro láti mira, títí di òní, Carlsson sì gba Nobel ní 2000.

Ní ti pípẹ́ tó ń pẹ́ lára, ẹ̀rọ tí reserpine bá ti so mọ́ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣeé gbà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Sẹ́ẹ̀lì ní láti rọ tuntun. Inú ara sẹ́ẹ̀lì gan-an, níbi tí kókó rẹ̀ wà, ni ilé ìrọ rẹ̀ wà, tí kì í ṣe ní etí bèbè. Láti ibẹ̀, wọ́n á máa wọ́ ohun tuntun náà gba inú okùn lọ sí ìparí, èyí tó yára jù nínú ìrìn yìí sì jẹ́ nǹkan bí 400 mílímítà lójúmọ́. Okùn tó ti ẹ̀yìn àgbàlagbà dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tó mítà kan, ẹ rí i pé ọjọ́ méjì ààbọ̀ ni ẹrù kan máa lò lójú ọ̀nà. Inú ọpọlọ kò jìn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àpò tó ní láti rọ́pò pọ̀, nítorí náà ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ kí ẹni tó ń mu àgbo náà tún bu òmíràn ní ọjọ́ kejì nítorí pé oorun ti dá lójú rẹ̀: ti àná ṣì wà níbẹ̀, ìfúnpá rẹ̀ sì lè já wálẹ̀ lójijì, kódà ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lè mú un. Màmá mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ẹni tó ń rà á lọ́wọ́ wọn ni kò mọ̀ ọ́n.

Olùkọ́ Òkè-Baálẹ̀

Ó yé mi wàyí. Mo ti fi òtapiápiá àti asofẹ́yẹjẹ kún iṣẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ọmọbìnrin tó fi ọ̀rọ̀ wáyà bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ ni n ó ní kó wá ya sínápùsì sójú pátákó, pẹ̀lú àpò, kálísíọ́mù, olùgbà àti agbálẹ̀.